Ọdún Máíkírà

Mo fẹ́ kọ àyẹ̀wò ọdún bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń kọ tiwọn: oṣù Kìíní mo ṣe báyìí, oṣù Kejì mo ṣe tọ̀hún. Mo jókòó, mo rò ó títí, mi ò rí oṣù Kejì kankan. Mo mọ̀ pé mo lọ síbi iṣẹ́, torí wọ́n san owó oṣù. Mo mọ̀ pé mo gbààwẹ̀, torí Ìyá Ilé ò yéé sọ bí òun ṣe ń fi omi tútù jí mi sí sààrì. Gbogbo ìyókù, Nissan Máíkírà mi ló gbé e mì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbí láti ìgbà tí mo ti ń pariwo pé Golf ni màá rà fi ṣe autocross, ẹ mọ ìtàn ọkọ̀ yìí. Ọkọ̀ Bàbá Ọ̀jọ́ọ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ná Mọ́kọ́lá sí Ọ̀jọ́ọ̀ n'Ìbàdàn, èrò mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, àpò gààrí nínú búùtù tí wọ́n fi okùn so. Nígbà tí ojú Bàbá ò ríran dáadáa lálẹ́ mọ́, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ bà á jẹ́ bó ṣe wù mí. Mo sì gbọ́ràn.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Máíkírà ṣe yẹ̀yẹ́: irú tiwa yìí, tí wọ́n ń pè ní K11, ló gba oyè Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù ní 1993, òun sì ni ọkọ̀ Japan àkọ́kọ́ tó gbà á. Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé wọ́n gbé e gba Bẹẹrẹ kọjá kí wọ́n tó fún un?"

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, autocross tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ogún ọkọ̀ máa ń lé ara wọn kiri. Ilẹ̀ gbalasa ni, wọ́n á to kóònù sí i ní kọ́lọkọ̀lọ, ọkọ̀ kan á wọlé, aago á máa kà. Kóònù tí o bá gbá, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni wọ́n á bù lé tìrẹ. O sáré tán, ẹlòmíì á wọlé. Ó sàn ju kéèyàn máa fi ojú ọ̀nà Èkó dán ara rẹ̀ wò lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ká bọ́ ọkọ̀ sí ìhòòhò, kó lè fúyẹ́. Ìjókòó ẹ̀yìn, kápẹ́ẹ̀tì, rédíò, sípẹ́à táyà, gbogbo rẹ̀ jáde. Ó wá ku ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń pa ariwo nílẹ̀ ọkọ̀. Àwọn òyìnbó ń da dry ice lé e, nǹkan tó tutù dé ìwọ̀n 78 sísàlẹ̀ òdo, ọ̀dà á gan, wọ́n á fi òòlù fọ́ ọ bí àwo. Èmi lọ bá ìyá tó ń ta omi tútù ní Sángo, mo ra yìnyín. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọ̀dà ò mira, ṣùgbọ́n ọmọdé lè wẹ̀ nínú Máíkírà. Ọ̀gá Nọ́ọ̀tì, mẹkáníìkì mi, wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n lọ mú iná àti irin pẹlẹbẹ wá. Ọjọ́ mẹ́ta la fi họ ọ́.

A kó ohun tí a yọ lọ sórí ìwọ̀n àwọn tó ń ra irin àlòkù: kílò 71. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí Àràrọ̀mí, ọjà pátì ọkọ̀ ní Gate, mo gbọ́dọ̀ fi àmàlà àti gbẹ̀gìrì tu ara mi nínú lórí iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá, kílò mẹ́sàn-án ti wà lára mi tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá Ilé ní kí wọ́n kúkú họ èmi náà.

Gate yẹn náà ni mo ti ra ẹ́ńjìnnì 1.3 tòkunbọ̀ tí a fi rọ́pò 1.0 Bàbá. Agbára ẹṣin 55 di bíi 75. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ náà ò tó kílò 800 mọ́. Ẹnìkan tún búra fún mi níbẹ̀ pé táyà òun ò tíì pé ọdún méjì. Mo wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 3514. Ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ó ní bóyá nọ́ńbà fóònù ẹnìkan ni. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì. Mo ti fojú ara mi rí i.

Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà ní tiwọn fẹ́ fi páìpù omi ṣe àgò irin sínú ọkọ̀, kí orí mi má bàa fọ́ bó bá dojú dé. Mo ní páìpù omi ò ṣeé gbára lé, àgàgà èyí tí wọ́n fi síǹkì bò: bí iná bá kàn án, èéfín rẹ̀ ń fa ibà. Wọ́n ní ibà wo? Wọ́n jó ẹyọ kan kí n rí i. Lálẹ́ ọjọ́ náà òtútù mú wọn títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n mu mílíìkì agolo mẹ́rin. A fi ọ̀rọ̀ àgò sílẹ̀ níbẹ̀.

Oṣù Karùn-ún.

Ẹ ti mọ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà náà, mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ má bínú. Bàbá pè mí ní Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ mi kún fún gírísì, mo ní màá pè wọ́n padà. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n lọ. A sin wọ́n kí a tó kírun Àsárì.

Lọ́jọ́ fidáù, ọkọ̀ Àáfà kọ̀, kò dáhùn. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo bọ́ agbádá, mo wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń fọ orí bátìrì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, mo fi ogójì ìṣẹ́jú ṣe é. Èèyàn gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi ojú ṣe. Ọ̀gá Nọ́ọ̀tì ní nínú gbogbo àdúrà ọjọ́ náà, tèmi ló kọ́kọ́ gbà, torí ọkọ̀ dáhùn.

Láti ìgbà yẹn títí di oṣù Kọkànlá, ẹ má bi mí.

Àfi ti ìjókòó. Ìjókòó dírẹ́bà ni mo yọ kẹ́yìn, ní oṣù Keje. Ó ti rì lápá òsì, torí Bàbá máa ń fara ti ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé ìgbọ̀nwọ́ sójú wíńdò. Ẹni tó ń ra irin nawọ́ sí i, mo ní kì í ṣe títà. Ó wà ní pálọ̀ wa báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo ń sọ fún àlejò pé òun ló lòde.

Ní oṣù Kọkànlá, àwa mẹ́jọ kó ara wa lọ sórí ilẹ̀ kọnkéré kan lẹ́yìn Mọ́níyà. Kóònù ò tó, a fi garawa pẹ́ńtì kún un. Mo kọ́kọ́ wọlé: ìṣẹ́jú àáyá 61.8, garawa mẹ́rin, ó di 69.8. Ọ̀kan nínú garawa náà há sábẹ́ ọkọ̀, ó sì bá mi dé òpin. Lẹ́ẹ̀kejì, bíréèkì wọlẹ̀ pátápátá, mo gba inú koríko kọjá, ewúrẹ́ kan wò mí bí ìyá ìyàwó. Ẹ̀bi mi ni. Òróró bíréèkì DOT 3 kan tó ti pẹ́ nínú ìgò nílé ni mo dà sí i. Bó bá jẹ́ tuntun, kò yẹ kó hó kí ooru tó dé ìwọ̀n 205. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, tó bá ti pẹ́, kíá ló ń hó, òfìfo lásán ni ẹsẹ̀ á sì máa tẹ̀. Àwa mẹ́ta la tún ń pín ọkọ̀ náà wà láìjẹ́ kó sinmi. Ọ̀gá Nọ́ọ̀tì fà á dànù, wọ́n rọ DOT 4 sí i. Nígbà tí wọ́n parí, nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Nígbà tí mo wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò gba bíréèkì gbọ́ mọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí Bàbá fi kọ́ mi ní mọ́tò wá sí mi létí. Wọn ò bá ti eré-ìje kankan lọ. Owó epo ni wọ́n ń ṣọ́. "Bíréèkì, owó ni. Ibi tí o máa yà sí ni kí o máa wò. Ẹni tó bá ń wo kòtò ló ń já sí i." Mo gbé ojú kúrò lára garawa tó wà níwájú mi, mo ń wo èyí tó tẹ̀ lé e. Mo yọ ẹsẹ̀ lórí iná kí n tó dé kọ́nà, mo jẹ́ kó máa yí lọ, bí ìgbà tí Bàbá bá ń sọ̀ kúrò ní Mọ́kọ́lá láìfọwọ́ kan nǹkan kan, tí ìyá aláta ń ké lẹ́yìn. 54.1. Kò sí garawa kankan. Mo dúró, mo bọ́ àṣíborí, eruku ti kó sí mi lójú. Ilẹ̀ kọnkéré ni, mo mọ̀. Eruku wà níbẹ̀.

Ipò karùn-ún nínú mẹ́jọ. Civic ọmọ Akóbọ̀ kan gba 49.6, kó máa jayé orí ẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Nọ́ọ̀tì, tí wọ́n gba ìdajì owó iṣẹ́, tí wọ́n ní ìyókù di ọjọ́ tí mo bá gba ife. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà, ara ti yá. Lọ́dún tó ń bọ̀, in ṣáà Allah, màá wá ọ̀pá tó máa mú ẹ̀yìn ọkọ̀ le díẹ̀, torí imú Máíkírà ṣì ń sá jáde nínú kọ́nà. Mo fẹ́ wọ 52. Mo ní mo fẹ́ ni o, mi ò lérí.

Lánàá mo jí, mo bá Ìyá Ilé lórí ìjókòó Bàbá, ó gbé àwo ẹ̀wà lé ẹsẹ̀, ó ń ṣà á. Ẹni tó ti ń ní kí n gbé e jù síta láti oṣù Keje. Ó ti fì sápá òsì, kò sì mọ̀. Mo bi í pé Sángo ni àbí Ọ̀jọ́ọ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní Ọ̀jọ́ọ̀, òun ní ṣéńjì.