Eruku ń wá ibi tó máa jókòó sí

Ọjọ́bọ̀, alẹ́. Ọyẹ́ mú gan-an.

Mo lọ síbi iṣẹ́, mo padà dé, iná ò sí. Ó tán. Kò sí nǹkan míì tó ṣẹlẹ̀ lónìí àfi gbólóhùn kan tí ìyá kan sọ nínú Micra láàárọ̀, tí ò tíì kúrò lọ́kàn mi látìgbà yẹn.

Ọmọ ẹ̀, bí ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje, ló ń fi apá ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé nu ìjókòó torí eruku ti bo gbogbo inú mọ́tò, ni màmá ẹ̀ bá ní, "Fi sílẹ̀ jàre. Bó o bá nù ún kúrò níbẹ̀, ara aṣọ ẹ ló ń bọ̀. Eruku ò lọ ibì kankan, ó kàn ń wá ibi tó máa jókòó sí ni." Dẹ́rẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ ilé yẹn, ẹ ti mọ̀dí ẹ̀: láńlọ́ọ̀dù ti fún mi ní kúìtì. Ó ku ọjọ́ 19 kí n kó jáde.

Mo ní kí n dẹrù lálẹ́ yìí, mi ò dì í. Fóònù ni mo gbé, mo lọ wo àwòrán kan tí mo ti fi pamọ́ tipẹ́, ti ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní HL Tauri. ALMA ló yà á lọ́dún 2014, ìyẹn àwọn àńtẹ́nà 66 tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, tí wọ́n tò sínú aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, lórí òkè tó fi bíi 5,000 mítà ga ju òkun lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ẹ á ní àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ayé àtijọ́ ni, pẹrẹsẹ, iná láàárín, ìlà dúdú yípo yípo lára ẹ̀. Eruku ni àwo yẹn o. Eruku àti gáàsì. Ìràwọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ ò tíì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan lọ, ọmọ jòjòló ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn tiwa tó ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀. Àwọn ìlà dúdú yẹn, wọ́n ní ó jọ pé pílánẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ló ń gbá ojú ọ̀nà ẹ̀ níbẹ̀. Ó ń gbá eruku, ó sì ń gbá a mọ́ra. Mo wo ìyẹn fún ìgbà díẹ̀.

Ó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Ìyá yẹn ò mọ nǹkan tó sọ. Àbí ó mọ̀ ọ́n.

Nǹkan tó ń yà mí lẹ́nu jù ni pé òtútù ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìkùukùu gáàsì ńlá kan, hydrogen ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, eruku tó wà níbẹ̀ ò pọ̀, ó kúnná bí èéfín, gbogbo ẹ̀ tutù débi pé ó tó dígírì 263 sísàlẹ̀ òdo. Ó sì gbọ́dọ̀ tutù bẹ́ẹ̀, torí tó bá gbóná ṣe lá máa tú ká. Ibi tó bá ti ki díẹ̀, òòfà ara ẹ̀ á máa fà á wọnú, bó ṣe ń sún kì lá máa yí kíákíá sí i, á wá fẹ̀ jáde pẹrẹsẹ bí aṣọ egúngún tó ń yí bírípo lójú agbo, àárín ẹ̀ á máa gbóná, á máa gbóná, títí á fi tó bíi mílíọ̀nù 10 dígírì, hydrogen á wá bẹ̀rẹ̀ sí í di helium, iná bá tàn. Oòrùn nìyẹn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀dí ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n o, mi ò kàn fẹ́ kọ ọ́ síbí ni.

Eruku tó ṣẹ́kù, ìyẹn èyí tó ń di pílánẹ́ẹ̀tì, á máa kọlu ara wọn, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ra, bíi ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì gẹ́lẹ́. Mo fa bẹ́ẹ̀dì mi síwájú lónìí, ẹ ò rí eruku tó ti ká jọ bí òwú níbẹ̀! Yẹtí tí mo ti wá láti ọdún tó kọjá náà wà nínú ẹ̀. Ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tọ́rọ̀ náà ti ń le. Tó bá ti di òkúta tó tó mítà kan, kò lè lẹ̀ mọ́ nǹkan mọ́, tó bá kọlu ẹgbẹ́ ẹ̀ á fọ́, gáàsì tó yí i ká á sì máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí á fi máa yí lọ sínú ìràwọ̀ tó wà láàárín. Eruku wẹ́wẹ́ ò ní wàhálà yẹn. Òkúta tó tó òkè ò ní in. Ẹni àárín ló ni ín. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń ré kọjá ibẹ̀. Mo pé 38 lóṣù tó kọjá. Mítà kan ni mí.

Àkókò náà ò sì dúró, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mílíọ̀nù ọdún bíi mélòó kan péré ni gáàsì yẹn fi ń wà, ìràwọ̀ á fẹ́ ẹ dànù, èyí tó bá ti rí ibi jókòó ti jókòó...

Ẹ tiẹ̀ wo àwọn òkúta tó wà láàárín Mars àti Júpítà. Gbogbo wọn lápapọ̀ ò tó òṣùpá, wọn ò di nǹkan kan títí dòní, torí òòfà Júpítà ò jẹ́ kí wọ́n farabalẹ̀ kóra jọ. Láńlọ́ọ̀dù ni Júpítà! Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ lónìí. Bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin àtààbọ̀, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ ṣá, kò sẹ́ni tó fún wọn ní kúìtì.

Mo tún rò ó, mi ò gba ti ìyá yẹn mọ́. Eruku ò wá nǹkan kan. Kò mọ ibi tó ń lọ. Eruku tó wà lórí tábìlì mi yìí, apá Chad lọ́hùn-ún ni atẹ́gùn ti gbé e wá, kò bẹ̀ ẹ́. Ní Ifẹ̀ pàápàá, adìyẹ ló tan ilẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi yẹ̀pẹ̀ léèrè ibi tó wù ú. Àmọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí náà, ọwọ́ mi ti bo tábìlì, ó ti jókòó sí mi lára.

Mo jáde lọ wòkè. Apá ibi tí HL Tauri wà ni mo wò, bí ẹni pé ojú mi lè rí i. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ tó ń dé lálẹ́ yìí ti wà lọ́nà láti bí 450 ọdún, wọn ò tíì tẹ Ìbàdàn tòní yìí dó nígbà yẹn. Mi ò rí ìràwọ̀ kankan. Eruku ni.

Ẹni tó bá ní páálí tó ṣófo lápá Bódìjà, àwọn ńlá bíi ti Indomie, ẹ jọ̀ọ́, màá wá gbé e fúnra mi.