Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa kíkó ohun èlò sáyẹ́ǹsì jọ fún ọmọ tí à ń kọ́ nílé

Ẹ̀yin òbí tí ẹ̀ ń kọ́ ọmọ yín nílé, bí àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì kan bá kọ̀ tí kò ṣe bí ìwé ṣe wí, ẹ má tètè dá ọmọ lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun èlò ló fà á: ìyẹ̀fun tí a rà láìmọ irú èyí tó jẹ́, zobo tí wọ́n ti fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí, bátìrì tí agbára rẹ̀ kò tó. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò nílò àpótí sáyẹ́ǹsì olówó ńlá. Kẹ́míìsì, ọjà àti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún rédíò ṣe ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú ohun tí ẹ rà, kí ẹ sì ti dán an wò fúnra yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pẹ̀lú ohun èlò yẹn gan-an tí ọmọ máa lò.

Kẹ́míìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ẹ ra sírínjì 20 ml kan àti 5 ml méjì, láìgba abẹ́rẹ́ wọn. N kò tíì rí ohun ìwọ̀n olówó pọ́ọ́kú tó dára tó wọn, torí ṣíbí àti ife ilé kan yàtọ̀ sí ti ilé kejì. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n kọ 50 cl sí lára náà ń ṣiṣẹ́ ìwọ̀n: ìdajì lítà nìyẹn, ó sì mọ́ ju omi kànga lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má ra tẹ̀mọ́mítà tí wọ́n fi ń wo ibà pé ẹ máa fi wọn omi gbígbóná. Kì í kà ju nǹkan bíi 42 lọ. Èyí tó jẹ́ onígíláàsì á bẹ́, bí mákúrì bá sì wà nínú rẹ̀, májèlé ni.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ máa rà ní kẹ́míìsì, iodine, oògùn ojú egbò, ni mo fẹ́ràn jù. Ìgò kékeré kan á pẹ́ lọ́wọ́ yín, torí ẹ̀kán ni à ń lò. Ẹ kán ẹ̀kán 10 sínú omi 20 ml, kó ní àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì. Lórí gààrí, búrẹ́dì, iṣu sísè àti èkọ, á di dúdú tó ní búlúù nínú, torí sítáàṣì wà nínú wọn. Lórí ṣúgà, iyọ̀ àti funfun ẹyin, kò ní dúdú. Ibi tó ti máa ń da òbí láàmú ni ohun gbígbóná. Bí èkọ bá ṣì ń gbóná, àwọ̀ dúdú yẹn kì í jáde, torí ooru kì í jẹ́ kí iodine dì mọ́ sítáàṣì. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ó rí i. Ẹ ra vitamin C funfun díẹ̀ mọ́ ọn. Bí iodine bá ta sí aṣọ, ẹ lọ vitamin C, ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ fi pa ojú ibẹ̀, àbàwọ́n náà á ṣí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ da díẹ̀ nínú omi vitamin C yẹn sínú ife iodine kó fojú ara rẹ̀ rí bí àwọ̀ ṣe ń pòórá. Àyẹ̀wò mìíràn nìyẹn, láìná kọ́bọ̀ kún un. Iodine kì í ṣe ohun mímu o. Ọwọ́ àgbà ni kí ìgò rẹ̀ máa wà.

Iodine yìí kan náà ni yóò yọ yín nínú wàhálà kan tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Àwọn tó ń ta èlò kéèkì máa ń di baking soda àti baking powder sínú ọ̀rá kéékèèké láìkọ orúkọ sí i. Funfun ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Baking powder ti ní ásíìdì (ohun kíkan) gbígbẹ nínú, wọ́n sì sábà máa ń fi sítáàṣì àgbàdo sí i, nítorí náà agbára rẹ̀ kò tó ti soda. Ẹ bu díẹ̀ sínú àwo, ẹ da omi tútù sí i: bó bá hó nínú omi lásán, powder ni. Ẹ tún bu díẹ̀ tó gbẹ sọ́tọ̀, ẹ kán iodine sí i. Bó bá dúdú, sítáàṣì wà níbẹ̀. Soda kò ní hó nínú omi tútù, kò sì ní dúdú.

Fún àyẹ̀wò tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ balúùn lórí ike, soda ni ẹ nílò. Ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ fún ike 50 cl ni ṣíbí tíì kan tí a fi ọ̀bẹ tẹ́ ojú rẹ̀ (nǹkan bíi gíráàmù 5) sí fínígà 100 ml, ìyẹn sírínjì ńlá lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí soda bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, èyí tó lé á kàn ṣẹ́kù sí ìdí ike ni. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè rọ́pò fínígà ní ìwọ̀n kan náà, àmọ́ ọsàn tí ẹ máa fún á pọ̀. Ẹ da soda sínú balúùn, fínígà sínú ike, ẹ fi balúùn dé ẹnu ike, kí ẹ tó gbé e sókè kí soda dà sínú fínígà. Bí balúùn kò bá wú, ẹ wo ohun mẹ́ta: balúùn tuntun máa ń le, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu fẹ́ ẹ kí ẹ sì tú u, bí inú ọrùn rẹ̀ bá tutù, soda á lẹ̀ mọ́ ọn, bí ẹnu ike bá sì fẹ̀ tàbí tó bá là, atẹ́gùn á jò, ẹ fi rọ́bà dè é.

Zobo ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń yí padà nínú ohun kíkan àti nínú ohun bíi kán-ún ń kọ́ ọmọ ní ohun púpọ̀, ó sì rọrùn láti bà á jẹ́. Ìsápá pupa gbígbẹ ni kí ẹ rà, kì í ṣe zobo inú ike tí wọ́n ń tà ní tútù. Èyí ti ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí ọsàn nínú, ásíìdì wọn á ti darú ohun tí ẹ fẹ́ wò. Ẹ rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi híhó 500 ml fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi là á: zobo ìwọ̀n 1, omi ìwọ̀n 3, títí ẹ ó fi lè rí ìka yín láti òdìkejì ife. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà gan-an nìyí. Zobo fúnra rẹ̀ ní ásíìdì nínú. Bó bá ki jù, kán-ún kékeré kò ní lè borí rẹ̀, pupa náà á dúró gbagidi, ọmọ á sì rò pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ to ife funfun mẹ́fà sílẹ̀: omi ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, omi lásán, omi soda, omi kán-ún, omi ọṣẹ dúdú. Kán-ún tó tó hóró ẹ̀wà kan nínú ìdajì ife omi ti tó; ẹ jẹ́ kó sílẹ̀ dáadáa, torí yanrìn máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ fi sírínjì bu zobo 5 ml sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ọsàn àti fínígà, á pupa fòò. Nínú soda, kán-ún àti ọṣẹ, pupa á kúrò, á di búlúù tó ṣú tàbí àwọ̀ ewé. Ife omi lásán ni ọmọ máa fi wé àwọn yòókù, nítorí náà ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ẹ sọ fún ọmọ kó tó bẹ̀rẹ̀ pé zobo yìí kì í ṣe ti mímu, kí ẹ sì ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí iná kò bá dúró ládùúgbò yín, ìwọ̀n tí ẹ máa lò lọ́jọ́ kan ni kí ẹ rẹ, torí á kan láìpẹ́.

Ní ti iná mànàmáná, ẹ lọ bá àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Inú ẹrù tí wọ́n ti pa tì ni LED (iná kékeré inú ẹ̀rọ), mọ́tò kékeré inú DVD àti òòfà inú sípíkà wà. Ẹ kàn máa bẹ̀ wọ́n ni, kí ẹ sì fún wọn ní nǹkan. LED ní ẹsẹ̀ gígùn àti ẹsẹ̀ kúkúrú. Ẹsẹ̀ gígùn ló ń lọ sí ìhà tí wọ́n kọ + sí lára bátìrì. Bí kò bá tàn, ẹ yí i padà kí ẹ tó sọ pé ó ti kú. Bátìrì rédíò 1.5 volt kan kò lè tan LED funfun, torí ó ń fẹ́ nǹkan bíi 3 volt. Ẹ fi páálí wé méjì pọ̀ kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, ẹ fi téèpù dì í. Bátìrì 9 volt á jó LED lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tó ń wé kọ́ìlì fáànù ni wọ́n ní wáyà bàbà tó dára fún òòfà oníná. Wáyà yìí máa ń dán bí ẹni pé kò sí nǹkan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n fáníìṣì wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ fi sáńpépà ha orí rẹ̀ méjèèjì títí á fi yọ àwọ̀ bàbà gidi. Ẹ wé e mọ́ ìṣó onírin ínṣì 3 nígbà 50, kí ọwọ́ máa yí sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá yí ọwọ́ padà láàárín, apá kan á máa pa agbára apá kejì. Ẹ fi kan bátìrì 1.5 volt kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 péré, á gbé píìnì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wáyà á gbóná, bátìrì á sì kú. Bátìrì kéékèèké tó rí pẹlẹbẹ, irú ti aago ọwọ́, ẹ má jẹ́ kó wọnú ẹrù yín bí ọmọ kékeré bá wà nílé. Bó bá gbé e mì, á jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Ẹ̀wà fún híhù kò ṣòro. Ẹ ṣa èyí tí kò ní ihò, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ tò ó sáàárín òwú tó rin àti ara ike tó mọ́ gaara. Òwú tí omi ń kán lára rẹ̀ á mú un jẹrà. Àwọn kan máa ń fi oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà ọjà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́. Irúgbìn àgbàdo aláwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé láti ilé àwọn tó ń ta èlò oko, oògùn ni wọ́n fi kùn ún, kò yẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Àwọn ohun kan wà tí n kì í fẹ́ rí nínú ẹrù sáyẹ́ǹsì ọmọ rárá: omi inú bátìrì ọkọ̀, bátìrì fóònù, gílóòbù gígùn onítúùbù, àti omi Hypo tàbí Jik. Bí Hypo bá pàdé fínígà tàbí omi ọsàn, atẹ́gùn olóró ló ń jáde, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nígbà tí fínígà bá wà lórí tábìlì, ẹ gbé Hypo kúrò nínú yàrá yẹn.

Páálí kan tó ní ìdérí ti tó láti kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ kọ orúkọ sára gbogbo ọ̀rá. Baking powder ni ọ̀rinrin òjò tètè ń bà jẹ́, inú agolo tó dé dáadáa ni kó wà. Ẹ yọ bátìrì kúrò lára ohun gbogbo lẹ́yìn iṣẹ́, torí omi inú rẹ̀ máa ń jò jáde, a sì jẹ irin tó bá fara kàn. Iodine kò fẹ́ oòrùn. Ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó.