Ipò Kẹta n'Íbàdàn, Ìdámẹ́wàá ní Texas

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pín ripọ́ọ̀tù káàdì nílé-ìwé girama wa n'Íbàdàn, bàbá mi kì í wo máàkì tí mo gbà nínú Mátíìsì tàbí nínú Yorùbá. Ìsàlẹ̀ káàdì ni ojú wọn máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí, níbi tí tíṣà kíláàsì kọ ipò sí. Lọ́dún kejì mi, ní 1984, mo ṣe ipò kẹta nínú ọmọ 52. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ta ló ṣe ìkíní? Ọmọ ta ni?"

Ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ tó ń pàtẹ lẹ́nu géètì ilé-ìwé ni. Ẹni tó ṣe ìkejì, dókítà ni bàbá rẹ̀ ní UCH. Akọ̀wé ni bàbá tèmi nílé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, tí à ń yá ara wa ní rúlà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN gbé dé ní 1979, nígbà tí Olóyè Bọ́lá Ìgè jẹ gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ló kó wa jọ bẹ́ẹ̀.

Lónìí, Fort Bend ni mò ń gbé, lẹ́yìn odi ìlú Houston ní Texas. Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kọkànlá nílé-ìwé girama ìjọba tó wà ládùúgbò wa. Máàkì rẹ̀ kì í dúró de òpin táàmù. Bí tíṣà bá ti ṣàmì ìdánwò tán, orí fóònù mi ló ń já sí, nígbà mìíràn kí ọmọ fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Kò sì sí tíṣà tó gbọ́dọ̀ ka máàkì ọmọ kan sí etí ọmọ mìíràn, torí òfin àpapọ̀ kan ti ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti 1974. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Mo ṣì rántí ojú àwọn tó máa ń ṣe ìkẹyìn nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ wọn ní asẹ́ńbìlì wa.

Ohun tí wọ́n fi pamọ́ lórí ọmọ, wọ́n ń tú u síta lórí ilé-ìwé. Lọ́dọọdún ni àjọ ètò ẹ̀kọ́ Texas ń gbé ìwé jáde lórí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan: mélòó nínú 100 ló yege nínú Algebra I, Biology, English I àti II, àti ìtàn Amẹ́ríkà. Wọn á wá pín in: aláwọ̀ dúdú mélòó, aláwọ̀ funfun mélòó, Hispanic (àwọn tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ tó ń sọ èdè Spain) mélòó, ará Éṣíà mélòó, ọmọ tálákà mélòó, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì mélòó. Òfin kan tí Ààrẹ George W. Bush buwọ́ lù ní 2002 ló sọ irú ìpínsọ́tọ̀ yìí di dandan fún gbogbo ìpínlẹ̀, kí ilé-ìwé má baà máa fi máàkì ọmọ ọlọ́lá bo ọmọ tí wọ́n pa tì. Mo fara mọ́ òfin yẹn tọkàntọkàn.

Àmọ́ àwọn tó ń wá ilé rà pẹ̀lú ń ka ìwé yẹn. Nígbà tí a fẹ́ ra ilé, ejẹ́ńtì mú wa lọ wo méjì, yàrá mẹ́rin mẹ́rin, títì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Tapá ọ̀tún fi owó ọkọ̀ tuntun kan wọ́n ju tapá òsì lọ. Mo béèrè ìdí. Ó ní ilé-ìwé tí àdírẹ́sì yẹn bọ́ sí ni.

Owó orí ilé sì ni ilé-ìwé ìjọba fi ń jẹun jù níbí. Àwọn òbí kan ní Edgewood, ní San Antonio, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ìran Mexico, pe ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1968. Demetrio Rodriguez ló ṣáájú wọn. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, adájọ́ 5 nínú 9 sì ta kò wọ́n ní 1973. Ogún ọdún gbáko lẹ́yìn náà ni Texas tó ṣòfin pé kí àgbègbè olówó máa yọ díẹ̀ fún àgbègbè tálákà.

Apá ọ̀tún la rà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ipò ti padà wá bá mi. Ní 1996, ilé ẹjọ́ kan dá Yunifásítì Texas dúró pé kí wọ́n má wo àwọ̀ ọmọ mọ́ tí wọ́n bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún kejì, ìpínlẹ̀ ṣòfin tuntun: ọmọ tó bá wà nínú ìdámẹ́wàá òkè ní kíláàsì rẹ̀, nílé-ìwé yòówù kó jẹ́, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ wo bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Torí pé àwọn ọmọ dúdú pọ̀ síbì kan, Hispanic pọ̀ síbì kan, aláwọ̀ funfun pọ̀ síbì kan, bí a bá bu ìdámẹ́wàá níbi gbogbo, gbogbo àwọ̀ á wọlé. Ìpínyà yẹn gan-an ni òfin gùn bí ẹṣin. Ní Austin, níbi tí Yunifásítì Texas gan-an wà, èrò ti pọ̀ jù, wọ́n ti sọ ọ́ di 6 nínú 100, ó sì di 5 fún àwọn tó ń wọlé láti 2026.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Alief, àdúgbò kan ní Houston, ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní, "Àbúrò, wá ra ilé sọ́dọ̀ wa. Ọmọ tó mọ̀wé báyìí, òkè ló máa wà lọ́dọ̀ wa. Níbi tí ò ń lọ yẹn, gbogbo wọn ló mọ̀wé." Mi ò gbọ́. Ọmọ yìí ń gba 93, ó ń gba 94, ó ń jí láago márùn-ún kàwé. Nígbà tí wọ́n fi ipò rẹ̀ ránṣẹ́, kò sí nínú ìdámẹ́wàá. Ó sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ ò wá sí mi lẹ́nu, torí èmi ni mo yan apá ọ̀tún títì.

Nínú ìwé ilé-ìwé, abẹ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kà á sí, òun àti ọmọ tí ìran rẹ̀ ti wà ní Texas kí wọ́n tó kéde òmìnira ẹrú ní Galveston ní 1865. Ní oṣù kẹta 2024, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kí fọ́ọ̀mù wọn máa béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, "Nigerian" sì wà lára ohun tí èèyàn lè mú. Ó yẹ kó tètè dé ilé-ìwé. Àwọn èèyàn wa kan ń fi máàkì ọmọ wọn fojú tín-ín-rín àwọn dúdú tí a bá níbí, bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi gba físà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà, kò yẹ ká máa fi wé ọmọ tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá bàbá rẹ̀.

Tiwa nílé, ìpínlẹ̀ abínibí la fi ń ka ọmọ. Ní 2013, ọmọ Anambra ní láti gba 139 kó tó wọ ilé-ìwé girama ìjọba àpapọ̀. Máàkì 4 ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin Zamfara, 2 lọ́wọ́ ọmọbìnrin. Kò sí ẹni tó béèrè iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe.

Ìyẹn ni mo lọ béèrè nígbà tí mo wálé lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó ṣe ìkíní ní 1984, ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ, òun ló ń kọ́ Mátíìsì nílé-ìwé wa báyìí. Ó ṣí rẹ́jísítà kíláàsì rẹ̀, a jọ ń kà á: bàbá gun ọ̀kadà, ìyá ń ta àgbo, bàbá jẹ́ bíríkìlà, ìyá jẹ́ alágbàfọ̀. Nínú ọmọ 78, kò sí ọmọ dókítà kan. Mo béèrè ilé-ìwé tí ọmọ tirẹ̀ ń lọ. Ó pa rẹ́jísítà dé, ó dárúkọ ilé-ìwé aládàáni kan tó wà ní òpópónà kejì, ó ní ìlàjì owó oṣù òun ló ń lọ síbẹ̀.