Àjàní, kí ni orúkọ rẹ?

Ní Ìlọrin, bí àlejò bá kí àgbàlagbà tán, ìbéèrè méjì ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé: ilé wo ni o ti wá, iṣẹ́ wo ni o sì ń ṣe? Ọmọ Ọ̀fà ni mí, nítorí náà ti àkọ́kọ́ kì í ni mí lára. Ti èkejì ni mo fi ọdún 11 dáhùn tìgbéraga-tìgbéraga, nítorí pé báńkì kan ní ìlú yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ará àdúgbò wa ní Gáà-Àkànbí kò sì mọ orúkọ mìíràn fún mi ju "Bàbá Báńkì" lọ.

Nígbà tí wọ́n dá àwa kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún. Odidi oṣù méjì ni mo fi ń jí ní kùtùkùtù, tí mò ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí mò ń so táì mọ́ ọrùn, tí mo sì ń wọ ọkọ̀ lọ sí Òpópónà Táíwò, níbi tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ta táyà títí ọjọ́ fi ń rọ̀. Ẹni tó bá kí Bàbá Báńkì lọ́nà, mò ń jẹ́ ẹ. Irọ́ náà kọ́ ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí ni pé, bí a bá yọ báńkì kúrò lára mi, n kò mọ ohun tó ṣẹ́kù.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ta sí àwọn ará ìjọ kan létí, wọ́n tù mí nínú. Alàgbà kan rán mi létí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá ní gúúsù Kwara níbí, tí wọ́n bí ní ọdún 1904, tí ó ń wa ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń tẹ ojú ọ̀nà, kí ẹ̀rọ náà tó kọṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọdún 1928, tí ó sì gbọ́ ìpè Ọlọ́run nídìí rẹ̀. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò bá tèmi mu: Babalọlá ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ló fi èmi sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí n máa kéde láràárọ̀ pé orí ni mí, n kì í ṣe ìrù. Mo kéde rẹ̀. Kí n má purọ́, ńṣe ló dà bí ẹni pé mo tún so táì mìíràn mọ́ ọrùn.

Inú ìwé Jẹ́nẹ́sísì ni ọ̀rọ̀ ti wá yé mi. Ta ni nínú àwa ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín tí kò gbọ́ ọ rí pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà? Nítorí náà, nígbà tí mo dé orí 32, níbi tí Jákọ́bù ti ń bá ọkùnrin kan jìjàkadì títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, mo fara balẹ̀ kà á bí ẹni tó mọ ìjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò dá ẹnikẹ́ni rí. Láàárín ìjà, ọkùnrin náà bi í pé, "Kí ni orúkọ rẹ?" Ó yà mí lẹ́nu. Kí ni Ọlọ́run ń bi í sí, ṣé kò mọ̀ ọ́n ni?

Mo ṣí i padà sí orí 27, mo sì rí i pé ẹnìkan ti bi Jákọ́bù ní irú rẹ̀ rí. Ísáákì, bàbá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti bàìbàì, bi í pé ta ni, ó sì dáhùn pé òun ni Ésáù, àkọ́bí rẹ̀. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, awọ ọmọ ewúrẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ló sì fi gba ìre. Lẹ́yìn náà ó lo ogún ọdún nílé Lábánì, ó láya, ó bímọ, ẹran ọ̀sìn rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù Ésáù kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní òru ìjà yìí kò sí aṣọ ẹnikẹ́ni tí yóò yá wọ̀ mọ́. Ó dáhùn pé Jákọ́bù ni òun, orúkọ kan náà tí Ésáù ti fi sunkún pé ó bá a mu, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló rẹ́ òun jẹ. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni a tó pè é ní Ísírẹ́lì, tí a sì súre fún un. Ó tiro kúrò níbẹ̀ ni o. Mo máa ń rántí ìtiro yẹn bí mo bá ti gbọ́ ìwàásù tó ní ẹni tó mọ ara rẹ̀ nínú Kristi kò ní mọ ìṣòro mọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ọ̀fà, mo sì jẹ́wọ́ fún màámi. Wọn kò bi mí léèrè báńkì rárá. "Àjàní," ni wọ́n wí, "ṣé o ti jẹun?" Àjàní: ẹni tí a jà kí a tó ní. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ́ oríkì yìí láìronú sí i, kò sì sí iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀; kí n tó mọ ohunkóhun ṣe ni ẹnìkan ti jà nítorí mi. Bí mo ti ń jẹ àmàlà wọn ni ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Gálátíà sọ sí mi lọ́kàn, pé Ọmọ Ọlọ́run fẹ́ràn òun, ó sì fi ara rẹ̀ fún òun. Mo ti mọ ẹsẹ yẹn sórí tipẹ́tipẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ọ bí oríkì.

Ní ọjọ́ Ajé, aṣọ àdìrẹ ni mo wọ̀ jáde. Alhája tí ilé wọn kọjú sí tiwa kí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn: "Bàbá Báńkì, ẹ káàárọ̀ o."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Alhája, wọ́n ti dá mi dúró níbi iṣẹ́, ó ti tó oṣù méjì."

"Mo mọ̀," ni wọ́n dáhùn. "Ẹnu yín ni mo ń retí kí n ti gbọ́ ọ."