Oje Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Lójú Aago Mi

Ní àárọ̀ yìí, bí mo ṣe gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tán lóko wa ní Ìkéré-Èkìtì, mo rí i pé oje rẹ̀ ti ta sí ojú smartwatch mi, ó sì ti gbẹ di àbàwọ́n dúdú tí omi lásán kò lè ṣí.

Ẹ̀bùn ìyá mi ni aago náà, ọkàn mi sì bàjẹ́. Àbúrò mi fẹ́ fi kànrìnkàn ha á, ṣùgbọ́n mo kọ̀, nítorí pé ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í jẹ́ kí epo lẹ̀ mọ́ gíláàsì náà lè tipa bẹ́ẹ̀ bó. Mo pa aago náà, mo ta sípíríìtì díẹ̀ sí aṣọ tí mo fi ń nu awò ojú mi, mo sì rọra ń nù ún títí ó fi mọ́ kedere.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé irú rẹ̀ ti ṣe yín rí?