Níbo Ló Ti Já? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Wáífáì Dróònù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ dróònù, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi wá Wáífáì lórí Raspberry Pi 3B+ kan. Mi ò fẹ́ kí irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ tún ṣòfò mọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín lọ́wọ́. Iṣẹ́ tá a gbé fún kọ̀ǹpútà kékeré náà kò le: kó gba ọ̀rọ̀ MAVLink (èdè tí dróònù fi ń bá kọ̀ǹpútà ilẹ̀ sọ̀rọ̀) lẹ́nu Pixhawk, ọpọlọ tó ń darí ìfò dróònù, kó fi Wáífáì gbé e wá sórí láptọ́ọ̀pù wa nílẹ̀. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ là ń wo ojú láptọ́ọ̀pù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìbéèrè tí mò ń bi ara mi ló kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà: "Kí ló dé tí kò gbà?" Ìbéèrè yẹn fẹ̀ jù. Ọ̀nà jìn láti bátìrì dé ojú láptọ́ọ̀pù. Iná gbọ́dọ̀ tó, rédíò gbọ́dọ̀ jí, kó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó ráyè wọlé, kó gba àdírẹ́sì, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Ibi tó ti já gan-an ló yẹ kéèyàn wá. Èmi ò wá a. Páswọ́ọ̀dù ni mò ń tẹ̀ ní àtẹ̀túntẹ̀, nígbà tó sì sú mi, mo nu mẹ́mórì kádì, mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Rédíò náà ń sùn ni. Ọjọ́ tí mo tẹ `rfkill list` ni mo rí i gbangba: "Soft blocked: yes," ìyẹn ni pé ètò inú kọ̀ǹpútà náà ló dí i. Lórí 3B+, Raspberry Pi OS, ètò tó ń darí Pi, kì í tú Wáífáì sílẹ̀ títí ẹ ó fi sọ orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ wà fún un, torí pé òfin ìgbì rédíò ìlú kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Mo wọ `raspi-config`, ibi tá a ti ń tún ètò Pi ṣe, mo mú NG, ìyẹn Nàìjíríà, rédíò jí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ó jí, àmọ́ kò mọ ilé tó fẹ́ wọ̀. Ìlànà tí mò ń tẹ̀ lé ní kí n kọ orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sínú fáìlì `wpa_supplicant.conf`, kí n jù ú sínú boot, apá mẹ́mórì kádì tí Pi ń kà nígbà tó bá ń jí. Ìlànà náà kì í ṣe irọ́, ọjọ́ ló ti lọ lórí ẹ̀. Láti ìgbà tí Bookworm, ẹ̀dà Raspberry Pi OS kan, ti dé ní 2023, ètò tó ń jẹ́ NetworkManager ló ń bójú tó Wáífáì, kò sì sẹ́ni tó ń ka fáìlì yẹn mọ́. `nmtui` tàbí `nmcli`, àwọn àṣẹ tá a fi ń bá NetworkManager sọ̀rọ̀, lẹ ó lò. Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ lé ìlànà ẹnikẹ́ni, ẹ tẹ `cat /etc/os-release`, kẹ́ ẹ mọ ẹ̀dà tó wà níwájú yín. Tó bá jẹ́ Pi Zero W lẹ ń lò, ẹ rántí pé 2.4 GHz nìkan ló ń gbọ́. Bí hotspot fóònù yín bá wà lórí 5 GHz, kò ní rí i rárá.

Èyí tó gbà wá lákòókò jù ni iná. Lórí tábìlì, pẹ̀lú ṣájà ara ògiri, ohun gbogbo ń lọ geere. Tá a bá gbé e sórí dróònù, tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Wáífáì á lọ. Mo ní ooru ni, mo ra abẹ́bẹ̀ kékeré sí i. Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa ló kúnlẹ̀ tì í tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iná pupa yìí, ó ń ṣẹ́jú." Òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá ti tàn ni iná pupa náà ń kú tó ń jí. Lórí 3B+, iná yẹn máa ń kú tí fóltì bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bí 4.63 lọ. Mo tẹ `vcgencmd get_throttled`, ó fún mi ní `0x50005`, ìyẹn ni pé iná ò tó; `0x0` lèèyàn ń fẹ́. A mú mítà. Lẹ́nu BEC, ẹ̀rọ tó ń dín fóltì bátìrì kù fún Pi, 5.1 fóltì, lẹ́sẹ̀ Pi, 4.5. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tá a fi so wọ́n pọ̀ ló jẹ ìyókù. A gé e kúrú, a fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀, a fi lẹ́ẹ̀dì jó o dáadáa. Wáífáì ò lọ mọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: iná tí dróònù máa lò lókè ni kẹ́ ẹ fi dán an wò lórí tábìlì.

Ní pápá, ping (ìdánwò bóyá kọ̀ǹpútà méjì ń gbọ́ra) ń dáhùn, MAVLink dákẹ́. Àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù tá a kọ sínú mavlink-router, ètò tó ń gbé ọ̀rọ̀ MAVLink láti Pi lọ sí láptọ́ọ̀pù, ti ilé ni; hotspot fóònù ti fún un ní òmíràn, ọ̀rọ̀ sì ń lọ bá ẹni tí kò sí. A wá sọ Pi fúnra rẹ̀ di hotspot. NetworkManager fi í sórí 10.42.0.1, a fún láptọ́ọ̀pù ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, a sì ṣílẹ̀kùn UDP 14550, èyí tí ọ̀rọ̀ MAVLink ń gbà wọlé, lára firewall Windows, ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ọ̀nà láptọ́ọ̀pù. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan irú ètò yìí, ẹ ki wáyà Ethernet bọ Pi. Mo ti fi Wáífáì tún Wáífáì ṣe rí, bí mo ṣe tẹ Enter ni ìlẹ̀kùn tì mọ́ mi.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gbà, inú wa dùn débi pé a fẹ́ fò lójú ẹsẹ̀. Mo ní ká kọ́kọ́ yọ abẹ́bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń gbé dróònù fò, ká tan mọ́tò, ká wá pa Wáífáì láptọ́ọ̀pù, ká wo ohun tí dróònù máa ṣe tó bá pàdánù wa. Ó yẹ kí mọ́tò kú. Wọn ò kú. Wọ́n ń yí lọ ni. Mo ṣí ètò ArduPilot, sọ́fítíwíà tó ń darí ìfò lórí Pixhawk: `FS_GCS_ENABLE`, èyí tó ń sọ ohun tí dróònù máa ṣe tí kò bá gbọ́ ti ilẹ̀ mọ́, wà lórí 0, ìyẹn ni pé kó má ṣe nǹkan kan. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà yẹn. A kó ẹrù wa, a padà sílé.