Kẹ́ ẹ tó ra ẹ́ńjìnì fún Caprice yẹn, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀

Àtìgbà tí mo ti gbé fọ́tò mọ́tò yẹn síta, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí, ẹ́ńjìnì wo lo máa gbé sí i? Ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí nípa jíà, ká má tíì wá sọ nípa back axle, ìyẹn irin tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì rí i, Chevrolet Caprice Classic ọdún 1979 ni, ẹ̀gbọ́n dádì mi ló ni ín ní Òmù-Àrán kó tó dọ́wọ́ mi níbí ní Gàá Àkàǹbí, Ìlọrin. Ọdún 1977 ni GM, iléeṣẹ́ tó ni Chevrolet, gé àwọn ọkọ̀ ńláńlá wọn kúrú, àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gé e tán náà ó ṣì lé ní mítà 5.3, ẹ páàkì ẹ̀ sí ọjà Ìpátá kẹ́ ẹ wá gbọ́ bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń ṣépè. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Gẹ́rí Àlímì wò ó títí, ó ní "Alhaji, ẹ jẹ́ ká ju 2Y sí i, ẹ máa gbádùn epo." 2Y! Ẹ́ńjìnì Hiace, líítà 1.8, òun ni kó wá fa irú èyí gun òkè. Mo ní ẹ ṣeun sà, mo gbé mọ́tò mi lọ.

Mi ò bá a jà ṣá, torí ohun tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ò pick. V8 ni o, onísílíńdà mẹ́jọ, 305, líítà 5.0, àmọ́ kàbúrétọ̀ ẹlẹ́nu méjì ló wà lórí ẹ̀, agbára ẹṣin 130 péré ni wọ́n kọ sí i lọ́dún yẹn. Tí èèyàn bá gbọ́ V8 á rò pé iná ni. Àtọdún 1971 ni GM ti ń dín compression, bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ki epo àti atẹ́gùn mọ́lẹ̀, kù kí ẹ́ńjìnì wọn lè máa lo epo tí ò ní òjé, òfin èéfín wá dé, epo wá wọ́n ní 1973, nígbà tó sì di ọkọ̀ ọdún 1978 ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣòfin iye epo tí ọkọ̀ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa jẹ. Kí wá ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé crown àti pinion, jíà eléyín méjì tó wà nínú back axle, èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré, sẹ́yìn, kí ẹ́ńjìnì má baà máa yí púpọ̀ lójú títì.

Nọ́ńbà yẹn ni iye ìgbà tí propeller, ọ̀pá tó ń gbé agbára láti jíà lọ sẹ́yìn, máa yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà nínú tiyín láìtú nǹkan kan, ẹ gbé jíà sí neutral, ẹ jáàkì táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè, èkejì kó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ fi òkúta dí i. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára propeller, kẹ́ ẹ wá yí táyà tó wà lókè yẹn ní ẹ̀ẹ̀mejì gbáko. Iye ìgbà tí propeller bá yí ni nọ́ńbà yín. Tèmi yí ẹ̀ẹ̀mejì, ó wá kù díẹ̀ kó dé ààbọ̀. Nígbà tá a tú u, eyín 41 ló wà lára crown, 17 lára pinion, ìyẹn 2.41.

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti bá mi fara balẹ̀, torí ohun tí mo torí ẹ̀ ń kọ gbogbo èyí nìyí. Jíà tó bá a wá ni Turbo 350, ọ́tò onísípíídì mẹ́ta, kò ní overdrive, ìyẹn jíà òkè tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì rọra yí lójú títì. Jíà kìíní ẹ̀ jẹ́ 2.52, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.41, ẹ máa rí bíi 6.07. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnì á yí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú gbogbo irin yẹn lórí ẹ̀! Ó máa gbéra lóòótọ́, àmọ́ á kọ́kọ́ ronú sí i ná. Jíà onísípíídì mẹ́rin tí GM gbé sínú jíìpù Tahoe nígbà kan, 4L60-E, jíà kìíní tiẹ̀ jẹ́ 3.06, ìkẹrin tó jẹ́ overdrive jẹ́ 0.70. Tẹ́ ẹ bá wá gbé 3.42 sẹ́yìn, crown eléyín 41 náà ni o, pinion ló máa di eléyín 12, ìgbéra, 3.06 lọ́nà 3.42, máa di bíi 10.5. Tẹ́ ẹ bá dé títì tí overdrive wọlé, 3.42 lọ́nà 0.70 jẹ́ 2.39, èyí tí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 2.41 àtijọ́. Pẹ̀lú táyà tèmi, tí mo bá wà lórí kìlómítà 100 ní wákàtí kan lójú títì Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ́ńjìnì ń yí bíi ìgbà 1,850 ní ìṣẹ́jú kan, bó ṣe máa rí tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ gba agbára ní ìgbéra, ẹ ò sì san nǹkan kan lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá wá gbé jíà yẹn sí i tẹ́ ẹ fi 2.41 sílẹ̀ lẹ́yìn ńkọ́? Ẹ́ńjìnì á máa yí bíi 1,300 lórí 100, tẹ́ ẹ bá kan òkè kékeré báyìí, jíà á ti já sí kẹta, á tún padà, á tún já. Owó ńlá lẹ ná yẹn, orí fífọ́ lẹ rà.

Ohun tí wọn kì í sọ fún èèyàn ni pé lára axle 8.5 (íǹṣì crown ẹ̀ nìyẹn) tó ní bọ́ọ̀tì mẹ́wàá lẹ́yìn, carrier, irin tó gbé crown dání, èyí tó gba 2.56 sísàlẹ̀ kò gba 2.73 sókè. Carrier náà ní láti yí padà. Pickup Chevrolet àtijọ́ lo 8.5 yìí náà, inú ẹ̀ lẹ ti lè rí crown, pinion àti carrier pa pọ̀.

Ẹ́ńjìnì wá ni ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. 5.3 tokunbo ni mo gbé sí i, LM7, blọ́ọ̀kì onírin, ọdún 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sínú pickup, Tahoe àti Suburban náà gbà á ní 2000. Agbára ẹṣin ẹ̀ wà láàárín 270 sí 295, ọdún tí wọ́n ṣe é ló ń yí i padà. Kí ló dé tí mi ò wá 350 àtijọ́, ẹ́ńjìnì V8 Chevrolet ni o, kì í ṣe jíà Turbo 350? Torí àwọn olóṣèlú wa ti fi convoy bá wa kó Tahoe wọlé tẹ́rùn, Ládípọ̀ kún fún pátì ẹ̀, 350 tó ṣì dáa lẹ máa wá títí. Ẹ ṣáà rà á ní odindi, jíà ẹ̀, brain box ẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì), wáyà ẹ̀ láìgé, pẹ́dà ìtẹná ẹ̀ tó bá jẹ́ èyí tí kò lo kébù. Tí wọ́n bá ti gé wáyà yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Security tó ń dènà olè nínú brain box náà gbọ́dọ̀ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á sítáàtì, á tún kú kíá. Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù ló ń ṣe ìyẹn, kì í ṣe bọ̀dá ríwáyà tó ń fi gúlóòbù tẹ́sìtì.

Síítì ẹ́ńjìnì ò bára mu, bọ́ọ̀tì mẹ́ta ni blọ́ọ̀kì àtijọ́ ń lò, mẹ́rin ni ti 5.3, wẹ́dà kan ló gé páànù irin tó nípọn sí àárín fún wa. Sump Tahoe, àwo òróró abẹ́ ẹ́ńjìnì, jìn jù, á rẹ̀ sísàlẹ̀ ju crossmember, irin ìdábùú abẹ́ mọ́tò, lọ, pẹ̀lú àwọn bọ́ḿpù tó wà ní àdúgbò wa ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ti mọ́tò kékeré ni kẹ́ ẹ wá. Epo ńkọ́? Páńpù kàbúrétọ̀ ń ti epo pẹ̀lú bíi 5 sí 7 psi, injection tí 5.3 ń lò ń fẹ́ 58. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo rọ́bà kàbúrétọ̀ àti kílíìpù fún un, iná ló ń fà. Páńpù inú táńkì ni mo ṣe.

Propeller máa kúrú sí i torí jíà yìí gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní bíi íǹṣì mẹ́ta, crossmember jíà náà á sún sẹ́yìn. Orí táyà ẹ̀ ni kí mọ́tò dúró sí kẹ́ ẹ tó wọn propeller o, kì í ṣe kí axle máa rọ̀ dirodiro lórí jáàkì. Kí ẹni tó gé e sì balance ẹ̀, tí kò bá mọ balance ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, torí tó bá ń gbọ̀n lórí 80, cross joint lẹ máa máa rà lóṣooṣù. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú pépà ọkọ̀, ẹ lọ yí i padà kí ọlọ́pàá má fi ṣe yín ní Ajàṣẹ́-Ìpo.

Sípídómítà ò ṣiṣẹ́, kébù ló ń lò, 4L60-E ò ní ibi tí kébù ń wọ̀, fóònù mi ni mo ń wò báyìí. AC ló wá kù. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ 5.3 wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣáásí Caprice ló ń kàn, bracket mìíràn tó máa gbé e sókè ni mò ń retí láti Ládípọ̀. Madam ti sọ tiẹ̀, òun ò ní bá mi wọ nǹkan tí kò ní AC lọ síbi ìnáwó ní Òmù-Àrán, V8 o, V80 o.